Irin Kì Í Dúró De Ìkíni

Ohun tí ó kọ́kọ́ rẹ̀ mí ní ìlú òyìnbó kì í ṣe iṣẹ́, kì í sì í ṣe òtútù. Ẹnu mi ni ó rẹ̀ mí. Àdúgbò Ìbídó ní Ṣàgámù ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú ilé olóbì, níbi tí ọmọ kì í ti í gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láìkí i. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ láàárọ̀, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń bó obì, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo wá dé ìlú àwọn alámọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo kí ọkùnrin tó ń gbá títì. Mo kí obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Mo kí àwọn tó tò dúró de bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn kan wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Ọkùnrin kan tilẹ̀ fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò bóyá nǹkan rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí, mo ti jáwọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n jáwọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, bí ó ṣe ń rẹ ẹni tó ń pọnmi sínú agbè tó jò.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo lọ kọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ tó gbà mí ń kọ́ wa, ikùn kò sì mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ẹ̀kọ́, nítorí náà mo wọ ilé iṣẹ́ ní ojúmọmọ. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kéré lójú: amọ̀ funfun tó wà lára pulọ́ọ̀gì mọ́tò ni, èyí tí kì í jẹ́ kí iná ṣìnà. Ẹni tó bá ti rí mẹkáníìkì tó yọ pulọ́ọ̀gì létí títì ní Ṣàgámù, tó ń fẹnu fẹ́ ẹ, ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Mo kọ̀wé sílé pé ìdí iṣẹ́ mọ́tò ni mo wà. Irọ́ kọ́. Mi ò kàn fi kún un pé amọ̀ ni. Nílé wa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òde Rẹ́mọ wà lára wọn, mo sì mọ ẹ̀rín tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa rín bí wọ́n bá gbọ́ pé mo wọ ọkọ̀ òkun lọ mọ amọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí òun ló fa ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n á lọ amọ̀ náà kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á pò ó mọ́ ìda, wọ́n á dà á sínú ẹ̀rọ kó gbóná títí yóò fi rọ̀. Ẹ̀rọ á wá fagbára tì í sínú mọ́ọ̀dù. Irin méjì tó ń pàdé ara wọn ni mọ́ọ̀dù yìí, wọ́n ti gbẹ́ inú wọn bí ohun tí wọ́n fẹ́ kó jáde ṣe rí. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà, nítorí irin náà gbọ́dọ̀ gbóná níwọ̀n. Omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìdè omi kan, bí ẹnu ẹ̀rọ omi, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo lè ṣí tàbí kí n dín kù, abẹ́rẹ́ aago kékeré kan sì ń sọ bí ooru ṣe tó. Bí irin bá tutù jù, amọ̀ á dì kó tó dé kọ̀rọ̀, ibi tí apá rẹ̀ méjì ti pàdé kò sì ní lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá gbóná jù, amọ̀ á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ irin, bí o bá sì fà á, á wọ́. Èyí tó wọ́ kò ní wàhálà, ojú ń rí i lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò lẹ̀ mọ́ra ni ọ̀dàlẹ̀. Á funfun, á dán, á jókòó jẹ́jẹ́ nínú àtẹ pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó di ìgbà tí wọ́n bá yọ́ ìda inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì kó o wọ iná ńlá, kó tó là. Nígbà yẹn, ẹni tó ṣe é ti gbàgbé ohun tó ń rò lọ́jọ́ náà.

Fọ́máànù wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tó kọ́ mi ní iṣẹ́, ó dúró tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń yí ìdè omi síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò.

"Má lé abẹ́rẹ́ yẹn," ni ó wí. "O rí i tó wálẹ̀, o ṣí omi. Ooru ò tíì dé inú irin, o tún ṣí i. Nígbà tó bá máa dé, gbogbo ẹ̀ á dé pọ̀. Ṣí i díẹ̀, kí o dúró."

"Kí n dúró títí dìgbà wo, sà?"

"Títí yóò fi dé."

Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo rò pé mo ti gbọ́ òwe náà títí ó fi sú mi, àfi ìgbà tí mo dúró níwájú irin yẹn tí mo sì rí i pé mi ò ì tíì fẹ̀sọ̀ mú nǹkan kan rí láyé mi.

Omi nìkan kọ́ ló sì ń mú irin gbóná. Amọ̀ gbígbóná tí à ń tì sí i náà ń mú un gbóná. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe ń lọ ni ooru rẹ̀ ṣe ń lọ: pa á dé, tì í, dúró, ṣí i, yọ ọ́, nù ún, pa á dé. Bí o bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí tí o ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ, atẹ́gùn á mú un, amọ̀ púpọ̀ á sì bàjẹ́ kí ooru tó padà sípò.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ nìyẹn. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n ń pè ní Èdíì, òun ló ń fi ọ̀bẹ kékeré họ etí amọ̀ tí mo bá yọ. Ó tó bí ìyá mi. Láàárín gbogbo wọn, òun nìkan ló máa ń dáhùn bí mo bá kí i, mo sì gbá ìdáhùn náà mú bí ẹni tó rí omi. Láràárọ̀, màá fi mọ́ọ̀dù sílẹ̀ lẹ́nu ṣíṣí, màá yí sí i, màá tẹríba, màá bèèrè bó ṣe sùn, bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí, bí ọkọ rẹ̀ ṣe jí, bí ológbò ilé wọn ṣe jí.

Nígbà tó ṣe, fọ́máànù mú àtẹ kan wá láti ìdí iná. Ó mú amọ̀ kan níbẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ìlà kan wà lára rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dá sí méjì.

"Àárọ̀ nìkan ni tìẹ ń là," ó wí. "Kí lo máa ń ṣe láàárọ̀?"

"Mo máa ń kí Èdíì ni, sà."

Èdíì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Ọmọ dáadáa ni," ó sọ fún un. "Ìkíni rẹ̀ ló gùn." Nígbà tí fọ́máànù lọ, ó ń họ amọ̀ lọ, kò gbójú sókè. "Máa bá mi sọ̀rọ̀ bó bá ṣe wù ẹ́, ọmọ mi. Ṣáà má wò mí. Mò ń gbọ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. Amọ̀ mi dẹ́kun lílà. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dà bíi pé mo ti pàdánù nǹkan kan tí mi ò lè tọ́ka sí.

Mo ń gbé yàrá kan lókè ilé opó kan, ìyá onílé tó mọ́ tónítóní tó sì ń bẹ̀rù pé mo máa fi ata jó ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òjò ń rọ̀ sórí òrùlé gbogbo ìlú náà, èéfín àwọn ààrò ńlá ń wálẹ̀ bá a, màá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì nínú kóòtù mi. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀ tàbí oòrùn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Nílé, mi ò bi ara mi léèrè rí pé ta ni mí. Àwọn èèyàn ló ń sọ fún mi bí wọ́n bá kí mi. "Ọmọ Bàbá Olóbì, ṣé bàbá rẹ ti dé láti Sábó?" "Ọmọ Bàbá Olóbì, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n á ti sọ ọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Níbi tí mo wà yìí, orúkọ tí wọ́n kọ sára káàdì iṣẹ́ mi nìkan ni mo ń jẹ́, wọn ò sì lè pe ìyẹn náà. Mo máa ń wò ó pé bóyá èèyàn pẹ̀lú ń tutù díẹ̀díẹ̀ báyìí bí amọ̀, láti etí wọnú, tí kò ní hàn títí wọ́n á fi kó o wọ iná.

Ní ọdún kejì mi, wọ́n mú mọ́ọ̀dù tuntun wá, èyí tó ń ṣe pulọ́ọ̀gì gígùn. Apá òkè rẹ̀ jìnnà sí omi, ó sì ń yára tutù ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn méjì ti dán an wò, ó ti là mọ́ wọn lọ́wọ́. Fọ́máànù pè mí.

"Bí tìẹ bá jáde láìlà," ó wí, "ìwọ ni wàá máa ṣe é lọ. Bó bá là, wàá padà sídìí amọ̀ gbígbé, níbi tí o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò mumi, mi ò wo òréré. Ṣí i díẹ̀, kí n dúró. Abẹ́rẹ́ náà rọra gòkè, ó jókòó. Mo ti wà nínú rẹ̀ dáadáa, ọwọ́ mi ń lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń gún iyán, nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá, tí wọ́n kó àwọn àlejò wọlé wá wo iṣẹ́. Wọ́n máa ń kó àlejò wá bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ bàtà wọn lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ẹni tó ń ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan.

"Lèsí mo rí yìí?"

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe fún mi. Nílé wa, bí a ṣe ń bèèrè pé ta ni nìyẹn. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mi ò ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ọmọ Bàbá Olóbì kọ́ nìyí?"

Tíṣà Odùkọ̀yà ni. Ará Ìperu ni, òun ló kọ́ mi ní A, B, D ní Ṣàgámù. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fà mí jáde kúrò ní ilé ìwé kí n wá máa ka obì, Tíṣà wá sílé wa, ó jókòó lórí ẹní, ó bẹ bàbá mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí n má purọ́, bí kò bá sí i, mi ò ní mọ ìwé kọ. Ẹ̀kọ́ nípa ilé ìwé ni ìjọba rán òun náà wá kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì mọ̀ pé ó ti dé.

Mọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni. Atẹ́gùn ilẹ̀kùn ńlá ti dé ara rẹ̀. Mo rí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"O kú iṣẹ́ o," Tíṣà wí.

Ó dúró. Mo mọ̀ pé ó dúró. Mo yọ amọ̀, mo nu irin, mo pa á dé, mo tì í. Mo sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá Èdíì sọ̀rọ̀, láìwo ẹ̀yìn, mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Bóyá ohùn jáde, bóyá kò jáde, ariwo ẹ̀rọ pọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ fún mi láyè tí mo yíjú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Wọ́n ti ń kó wọn lọ. Kóòtù tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, ó sì di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo sáré dé ẹnu géètì. Bọ́ọ̀sì wọn ti lọ.

Amọ̀ ọjọ́ náà jáde nínú iná, ẹyọ kan kò là. Fọ́máànù gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná kàn wọ́n, wọ́n dún gbọnrangbọnran. "Ó dáa," ó wí, ó sì yọ pẹ́ńsù létí, ó kọ orúkọ mi sára ẹ̀rọ. Èdíì ra ẹja àti ànàmọ́ díndín fún mi, a jẹ ẹ́ nínú bébà lórí àga ìta. Ó dùn mọ́ mi. Èmi ọmọ olóbì ni mo ń ṣe ohun tí ọmọ onílé kò rí ṣe. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, mi ò rò pé ayọ̀ kan tó ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ilé dá.

Bàbá mi kò mọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin, Sìdí, ló máa ń ka lẹ́tà mi sí i létí, òun náà ló ń kọ èsì. Nígbà tí èsì Sìdí wá dé, kò gùn. Tíṣà ti kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ ní Ìperu pé òun rí mi níbi iṣẹ́, pé òun kí mi. Ìyàwó Tíṣà sọ ọ́ fún ẹnì kan. Láti Ìperu dé Ṣàgámù kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà sanra kó tó dé. Nígbà tó máa dé ìsọ̀ obì, wọ́n ní mo wo Tíṣà lójú, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i níwájú àwọn òyìnbó. Bàbá ní kí Sìdí má ka lẹ́tà mi sí òun létí mọ́. Ó ní, "Ọmọ tí kò dá Tíṣà lóhùn, kí ló fẹ́ bá mi sọ?"

Inú bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú bí mi. Kí ni mo ṣe? Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ṣé kí n jẹ́ kí irin tutù, kí wọ́n dá mi padà sídìí amọ̀ gbígbé, kí wọ́n lè máa sọ nílé pé mo gba ìkíni? Mo kọ lẹ́tà gígùn, mo ṣàlàyé omi, abẹ́rẹ́ àti ìda. Sìdí fèsì pé òun gbìyànjú láti kà á, Bàbá dìde kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dúró nídìí ẹ̀rọ tí orúkọ mi wà lára rẹ̀, ó ń rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára irin wà níbẹ̀. Èyí tí bàbá mi fún mi ni mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà.

Ọkọ Sìdí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí Bàbá lọ gba ìtọ́jú ojú tó ń dùn ún ní ọsibítù níbẹ̀, Sìdí àti ọkọ rẹ̀ dọ́gbọ́n mú un dé ibi tẹlifóònù tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀. Ìyá onílé mi ní tẹlifóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé sọ ọjọ́ fún mi, mo wọ aṣọ tó dáa, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láti àárọ̀. Nígbà tó dún, ohùn Sìdí ń lọ, ó ń bọ̀, bíi pé ìgbì òkun ń gbé e.

"Bùọ̀dá mi, ẹ má pẹ́ o, wọ́n máa gé e. Bàbá rèé. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Lèsí ń sọ̀rọ̀?" Bàbá wí.

Mo gbé tẹlifóònù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, okùn rẹ̀ na tán, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá onílé, mo fẹnu sí i. Ìyá onílé yọjú láti ilé ìdáná, ó wò mí, ó rọra ti ilẹ̀kùn padà.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọ̀nà Èkó. Ẹ kú ojú dídùn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà—"

Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo ti kọ́ sórí fò lọ.

"Bàbá, mo gbọ́ nígbà tí Tíṣà kí mi. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Irin tí mò ń ṣe, bó bá tutù, amọ̀ inú rẹ̀ á là."

"Amọ̀?"

"Amọ̀ ni, Bàbá."

"Èyí tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń mọ ní Òde Rẹ́mọ?"

"Ó fara jọ ọ́, Bàbá."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò bínú. Ó jọ ẹni tó ti rẹ̀, bíi tèmi.

"Mo gbọ́," ó wí. "Ẹni tó wà lórí ìrun, bí wọ́n bá sálámà sí i, kì í dáhùn. Ọlọ́run kò bi í. Ṣùgbọ́n bó bá kírun tán, á wá ẹni tó kí i lọ, á dá a lóhùn. Ìwọ ńkọ́? O ti kírun tán. Ǹjẹ́ o wá a lọ?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e.

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òórùn ọṣẹ wà lára ilẹ̀ náà. Gbogbo oṣù tí mo fi ń kọ àlàyé, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan ló wà láàárín èmi àti Tíṣà. Ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi, ta ni kò jẹ̀bi ni mò ń ṣe nítorí irin, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló wà níbì kan tí mi ò tíì dá lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú tí Sìdí ti kọ̀wé pé Tíṣà wà. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ibẹ̀ ní kò wá sí kíláàsì láti ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n júwe ilé tó wọ̀ sí fún mi. Mo gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, mo kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan bèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ni.

"Èmi ni, sà. Ọmọ Bàbá Olóbì."

Lẹ́yìn náà ó tún bèèrè, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́, bíi pé ó fẹ́ kí n tún un sọ ni.

"Lèsí?"

Ó wọ kóòtù ńlá náà nínú ilé. Ó ti rù. Ó ń wúkọ́, ó fi ọwọ́ júwe àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fún mi, ó bu tíì sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e kalẹ̀ fún mi. Mi ò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Lọ́jọ́ tí ẹ wá, irin ọwọ́ mi, bó bá tutù—"

"Mi ò bi ọ́ ní ti irin," ó wí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé o mọ̀dí tí mo fi dúró tì ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀yin ni tíṣà mi, sà."

"Kì í ṣe torí ìyẹn." Ó wúkọ́, ó sinmi. "Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó kí mi tí inú mi dùn láti dá a lóhùn. Mo dé ilé ńlá yẹn, èèyàn pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ pé ó máa dá mi lóhùn."

Mo ti rò pé mo rí i fín ni, mo ti rò pé àgbà tí wọ́n tàbùkù sí ni mo wá bẹ̀. Ebi tó ń pa èmi ló ń pa á.

"Kí mi," ó wí.

"Sà?"

"Mo ní kí o kí mi. Bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé. Má yára."

Mi ò dìde. Rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá náà tutù wọ àyà mi. Mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Oo. Káàsán, ọmọ mi."

"Ẹ kú òtútù, sà."

"Òtútù yìí, kò mọ àgbà."

"Ẹ kú àìlera, sà."

"A dúpẹ́. Ó ń lọ sílẹ̀."

"Ará Ìperu ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní òjò ti dé."

"Ìyàwó ńkọ́, sà?"

"Ó wà. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá ọ, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

Èyí ni àárò àwọn ọmọ tó fi sílé kò jẹ́ kó dáhùn. Mo gbọ́ tí ó ń wá ohùn rẹ̀, tí kò rí i. Nígbà kan rí, màá ti sáré fi ìkíni mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ iṣẹ́ nílẹ̀ yẹn. Mo dákẹ́, mo fi ojú sílẹ̀, mo dúró. Kọ́ọ̀pù tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Mo rí èéfín ara rẹ̀ tó ń dín kù, tó tán, tí awọ mílíìkì sì bò ó lójú. Ó tutù pátápátá. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń dúró de ìdáhùn Tíṣà, títí ó fi dé.